Àbẹ̀kẹ́, Kámẹ́rà Wo Ni Kí O Rà?

Ìjẹ̀bú-Òde

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú làálàá. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ara rẹ̀ ti yá dáadáa báyìí. Mo ti ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ nípa kámẹ́rà tòkunbọ̀ méjì tí o rí ní Computer Village ní Ìkẹjà, Canon 6D àti Canon 7D Mark II. O ní owó ọwọ́ rẹ ká ọ̀kan, kò ká méjèèjì, o wá ní kí n sọ èyí tó yẹ kí o mú. Inú mi dùn pé o béèrè kí o tó sanwó. Màá sọ ọ̀rọ̀ mi síta kí n tó ṣàlàyé: 6D ni kí o rà, kí owó tó bá ṣẹ́ kù lọ sórí lẹ́ǹsì.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ti sọ fún ọ pé 7D Mark II tuntun jù ú lọ, pé ó ń ya fọ́tò mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí 6D ti ń ya mẹ́rin ààbọ̀, pé ojú fókọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn àwọn ibi tí kámẹ́rà ti lè mú nǹkan kó mọ́ gaara, jẹ́ 65 nígbà tí ti 6D jẹ́ 11 péré. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọdún 2012 ni Canon kéde 6D, 2014 ni wọ́n kéde 7D Mark II. Àmọ́ èmi tí mo fi iṣẹ́ fọ́tò tọ́ yín, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà ni pé: níbo ni wọ́n ń pè ọ́ sí, ìgbà wo ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, irú iná wo ló sì ń wà níbẹ̀?

Ìwọ, ìkómọ ni wọ́n ń pè ọ́ sí láàárọ̀, nínú pálọ̀ tí kọ́tìnnì ti bò. Ìgbéyàwó ni wọ́n ń pè ọ́ sí, tí wọ́n á ní aago méjì ọ̀sán, tí ìyàwó ò sì ní jó wọlé títí oòrùn á fi wọ̀. Ọjọ́ìbí àti ìnáwó òkú àgbà ni wọ́n ń pè ọ́ sí, nínú gbọ̀ngàn tó jẹ́ pé iná aláwọ̀ àlùkò tí DJ gbé wá ló mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí iná ò ti tó ni o ti ń jẹun, ọmọ mi. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà rẹ ti gbọ́dọ̀ ríran.

Wo ohun kan tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Kámẹ́rà méjèèjì ló ń ya fọ́tò 20.2 megapixel, ìyẹn ojú wínníwínní tó lé ní ogún mílíọ̀nù. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà yẹn nìkan á ní ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ 6D, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, gùn ní mílímítà 35.8, ó sì fẹ̀ ní 23.9. Ti 7D Mark II gùn ní 22.4, ó fẹ̀ ní 15. Bí o bá ṣírò rẹ̀, ti 6D tóbi tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti èkejì. Bí àgbẹ̀ méjì bá kọ iye ebè kan náà, tí ọ̀kan kọ tirẹ̀ sórí oko ńlá, tí èkejì há tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ìwọ náà mọ ebè tí iṣu á ti rí àyè ta. Bó ṣe rí pẹ̀lú àwọn ojú wínníwínní tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà nìyẹn. Iye kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ti 6D tóbi, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pọ̀.

Ara èèyàn ni èyí ti máa ń hàn jù. Gbé ISO méjèèjì, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ tó, sí 6400 nínú gbọ̀ngàn, kí o ya ìyá ìyàwó tó jẹ́ adúmáadán, kí o wá fẹ fọ́tò náà wò lórí kọ̀ǹpútà. Wo abẹ́ àgbọ̀n àti ẹ̀gbẹ́ imú, níbi tí òjìji wà. Nínú ti 7D Mark II wàá rí àmì wínníwínní pupa àti búlúù tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bí o bá sì fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú náà nínú kọ̀ǹpútà, àwọn àmì yẹn á túbọ̀ pọ̀ sí i. Nínú ti 6D, dúdú yẹn á ṣì jinlẹ̀, á sì máa dán. Àwọn oníbàárà ò mọ ohun tó ń jẹ́ ISO. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, “Fọ́tò yìí ò jọ mí.” Mo ti rí ayàwòrán tó ń bó ojú èèyàn nínú kọ̀ǹpútà kí àmì wọ̀nyẹn má bàa hàn. Àbẹ̀kẹ́, má ṣe é láéláé. Ìyá tó dúdú, kó dúdú nínú fọ́tò tó fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri.

Àbùkù 6D wá ń kọ́, torí mi ò fẹ́ kí o gbé e délé kí o tó mọ̀ ọ́n. Nínú ojú fókọ́ọ̀sì 11 yẹn, èyí tó wà láàárín gangan nìkan ló lágbára. Òun lè mú nǹkan níbi tó ṣókùnkùn gan-an, ó ń ríran dé -3 EV (EV ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀), ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Mẹ́wàá tó kù máa ń wá nǹkan kiri nígbà tí iná bá kéré. Nítorí náà, ojú àárín ni wàá máa lò: wàá gbé e lé ẹyinjú ẹni tí o ń yà, kó mú un, kí o tó yí kámẹ́rà díẹ̀ láti to fọ́tò náà bí o ṣe fẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti ṣọ́ra. Bí o bá ṣí lẹ́ǹsì 85mm sí f/1.8, tí ihò rẹ̀ ṣí gbayawu, tí o dúró ní bíi mítà kan lé díẹ̀ sí ìyàwó, ibi tó máa mọ́ gaara nínú fọ́tò náà kò nípọn ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Gèlè tí wọ́n lẹ òkúta tó ń dán mọ́ máa ń fa fókọ́ọ̀sì sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wàá délé, wàá rí i pé o lè ka òkúta orí gèlè náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìpéǹpéjú ìyàwó sì rí bàìbàì. Nítorí náà, pa lẹ́ǹsì dé bíi f/2.8 kí ihò rẹ̀ kéré sí i, gbé ojú àárín lé ẹyinjú tó sún mọ́ ọ jù, má yí kámẹ́rà jìnnà, kí o sì ya méjì tàbí mẹ́ta kí o tó kúrò níwájú wọn.

Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ yìí, kámẹ́rà méjèèjì ló ń fẹ́ sọ gbogbo ohun tó bá rí di àwọ̀ eérú. Bí ẹbí ìyàwó bá wọ léèsì funfun kún inú fọ́tò, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù, léèsì á di eérú, ojú wọn á sì ṣókùnkùn. Fi +1 sí exposure compensation, ìyẹn ibi tí a ti ń ní kí kámẹ́rà fi ìmọ́lẹ̀ kún tàbí kó dín in kù. Bí wọ́n bá wọ aṣọ dúdú lọ sí ìsìnkú, dín in kù díẹ̀. Kò sí èyí tó máa bá ọ ṣe é nínú kámẹ́rà méjèèjì.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù lórí 6D ni pé àyè káàdì tí fọ́tò ń wọ̀ kan ṣoṣo ló ní. 7D Mark II ní méjì, ọ̀kan fún CF, ọ̀kan fún SD, o sì lè ní kó máa kọ fọ́tò kan náà sínú méjèèjì. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń ya ìgbéyàwó, torí kò sí ẹni tó máa bá ọ tún ìgbéyàwó ṣe. Bí o bá ra 6D, má fi káàdì ńlá kan ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ra ojúlówó káàdì 32 GB mẹ́rin. RAW kan, ìyẹn fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, jẹ́ bíi 24 MB, ọ̀kan nínú àwọn káàdì náà á gbà ju 1,000 lọ. Bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, yọ èyí tí o lò, fi òmíràn sí i kí o tó wọ gbọ̀ngàn. Kí èyí tí o yọ wà lára rẹ, kó má wà nínú báàgì tí o gbé sábẹ́ tábìlì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kò ní kó gbogbo ọjọ́ náà lọ.

6D kò ní fíláàṣì lórí pẹ̀lú, wàá ra Speedlite, ìyẹn fíláàṣì Canon tí a ń gbé lé e lórí, lọ́tọ̀. Fíláàṣì kékeré tó wà lórí 7D Mark II kò yẹ kó wù ọ́, iwájú orí àwọn èèyàn ni yóò máa tàn. Èyí tí o bá rà, yí orí rẹ̀ sí àjà funfun kí ìmọ́lẹ̀ ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. 6D sì ní Wi-Fi nínú, èyí tí 7D Mark II kò ní: wàá fi fọ́tò mélòó kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ níbi òde gan-an, ìyá ìyàwó á ti fi í sórí status kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Irú ẹ̀ ló ń mú iṣẹ́ mìíràn wá.

Mi ò ní kí o fojú di 7D Mark II o. Kámẹ́rà gidi ni, níbi tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ojúde Ọba tí à ń ṣe níbí ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni kí o fi wò ó. Bí àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin, bíi ti Balógun Kúkù, bá ń bọ̀, ẹṣin á sáré wọ ojúde, á gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, ẹni tó gùn ún á na ọwọ́ kí ọba, ìbọn á dún, eruku á bo gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú yẹn kì í dúró de ẹnì kan. Nínú mẹ́wàá tí 7D Mark II máa yà, wàá rí èyí tí ẹsẹ̀ ẹṣin ti ga jù, tí ojú ẹlẹ́ṣin náà sì kọjú sí ọ. 6D lè bọ́ sí àárín méjì, kó fún ọ ní èyí tí ẹsẹ̀ ti ń sọ̀ àti èyí tí kò tíì gbéra. Ojú fókọ́ọ̀sì 65 yẹn sì tàn ká fọ́tò náà dé ẹ̀gbẹ́, wọ́n lè tẹ̀ lé ẹṣin tó ń sáré láti òsì dé ọ̀tún. Ti 6D ṣù mọ́ra láàárín. Oòrùn wà níta, o ò ní gbé ISO ga kí o tó lè lo ìyára 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kékeré sẹ́ńsọ̀ kò ní pa ọ́ lára. Àǹfààní gan-an ló tún máa jẹ́ níbẹ̀: lẹ́ǹsì 200mm lórí 7D Mark II máa ń ríran bí 320mm lórí 6D, ẹlẹ́ṣin á sún mọ́ ọ láìjẹ́ pé o wọ àárín ẹṣin. Bó bá jẹ́ eré bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ láti máa yà, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì, òun ni mo máa ní kí o rà. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Ojúde Ọba, o lè yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ fún un. Ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan ni òde.

Ohun tó ń mú kí lẹ́ǹsì sún nǹkan mọ́ ọ níta yẹn náà ló máa dá ọ lóró nínú ilé kékeré. Bí nọ́ńbà lẹ́ǹsì bá ṣe kéré tó ni ohun tó ń wọ fọ́tò ṣe ń pọ̀ tó. Lẹ́ǹsì 24-105mm lórí 6D bẹ̀rẹ̀ láti 24 lóòótọ́. Lórí 7D Mark II, ó ń ríran bí èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 38. Níbi ìkómọ, ẹ̀yìn rẹ á ti kan ògiri, bàbá àgbà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ò sì tíì wọ fọ́tò. Wàá wá ní láti ra lẹ́ǹsì EF-S, èyí tí Canon ṣe fún sẹ́ńsọ̀ kékeré, fún un, èyí tí kò lè wọ 6D láéláé, bẹ́ẹ̀ lẹ́ǹsì EF ń wọ méjèèjì. Láti 2018 tí Canon ti gbé EOS R, kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó agbára sí. Bí o bá máa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, lẹ́ǹsì EF rẹ á bá ọ lọ pẹ̀lú adapter, á sì lo gbogbo sẹ́ńsọ̀ náà. Nítorí náà, 24-105mm f/4 fún iṣẹ́ gbogbo, 85mm f/1.8 fún ojú èèyàn. Bí owó ò bá tó, 50mm f/1.8 ni kí o kọ́kọ́ mú dípò 85. Má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà fi stabilizer inú 24-105 tàn ọ́. Ọwọ́ rẹ tó ń gbọ̀n ló lè dá dúró, kò lè dá ẹni tó ń jó dúró.

Nígbà tí o bá padà lọ síbẹ̀, béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa bí a bá ya fọ́tò, ti ṣí. Canon ní ti 6D lè lọ dé 100,000, ti 7D Mark II dé 200,000. Canon kì í kọ nọ́ńbà yẹn sínú fọ́tò bíi ti Nikon, wọ́n ní láti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó rí i, nítorí náà má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Pa lẹ́ǹsì dé f/16, ya ojú ọ̀run, kí o fẹ̀ ẹ́ wò: ibi tó bá dúdú lórí rẹ̀, ìdọ̀tí ló wà lórí sẹ́ńsọ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì láti ẹ̀yìn, wo bóyá ohun funfun wẹ́wẹ́ ti hù nínú rẹ̀ nítorí ọ̀rinrin. Bó bá wà, fi í sílẹ̀, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Bátìrì LP-E6 ni kámẹ́rà náà ń lò, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ nígboro.

Kí o tó kówó sílẹ̀, ya fọ́tò mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù náà ní ISO 6400, fi èèyàn tó dúdú ṣe é, kí o fi RAW rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Google Drive. Má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, ó máa ń fún un pọ̀. Màá wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà, màá sì pè ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ