Sí Dúpẹ́, nípa òpó ẹ̀yìn ilé rẹ

Kàbà,
Ọjọ́ Àìkú.

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Ọ̀kun o. Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù kọ sára àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. Èmi ò rí i títí ilẹ̀ fi mọ́. Màmá rẹ ló kà á sí mi létí. Nígbà tó dé ibi tí o ti ní o kàn ń sunkún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ọ́ ní nǹkan, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní òun ń lọ sí páàkì. Èmi ni mo dá a dúró.

O ní òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n rì sẹ́yìn ilé tí ẹ̀ ń gbé ní Felele, ní Lọ́kọ́ja, ni kì í jẹ́ kí o sùn, pé ìgbì rédíò tó fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ló ń wọ agbárí rẹ tí inú rẹ fi ń bàjẹ́ báyìí. O ní kí n fi owó ilé mìíràn ránṣẹ́. Mi ò ní fi ránṣẹ́. Má tíì bínú, ka ìyókù ná.

Mi ò ní irọ́ lò ń pa. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ̀rọ̀ lórí irú ẹjọ́ yìí ní 2005. Wọ́n ní òótọ́ ni ara ń ni àwọn tó ń rò ó, ó le débi pé àwọn kan ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tí wọn ò rí ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ìgbì ló fà á. Wọ́n ti mú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wọ yàrá, wọ́n tan ìgbì, wọ́n pa á, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó wà níbẹ̀. Orí fọ́ wọn nígbà tó wà ní títàn, orí sì tún fọ́ wọn nígbà tó wà ní pípa.

Èmi náà dán an wò nínú ilé yìí. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ra MiFi wálé, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìgbì pín íńtánẹ́ẹ̀tì, màmá rẹ ní láti ọjọ́ tó ti wọlé ni òun ò ti sùn mọ́. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo fi apẹ̀rẹ̀ tòmátì bò ó, mo da ìró àtijọ́ lé apẹ̀rẹ̀ kí iná rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú má baà yọ. Lálaalẹ́ n ó ju owó ẹyọ kan sókè ní pálọ̀: bó bá dojú délẹ̀, n ó pa á, bó bá ṣíjú sókè, n ó tàn án. Ẹ̀yìn ìwé kíláàsì kan tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi látìgbà tí mo ń kọ́ni ní físíìsì ni mò ń kọ ọ́ sí. Tílẹ̀ bá mọ́, màmá rẹ á sọ èyí tó rò pé ó jẹ́. Lẹ́yìn alẹ́ mẹ́wàá, ó gba márùn-ún, ó ṣi márùn-ún. Alẹ́ kan tó sùn tí kò gbọ́ àkùkọ Bàbá Ṣẹ́gun, nǹkan ọ̀hún wà ní títàn lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́! Ó ní mo ṣèrú. Títí dòní, ó ṣì ní mo ṣèrú.

Ìgbì tó ń ti orí òpó wá kò lágbára tó fi lè fọ́ ohunkóhun nínú ara èèyàn. Ohun tó lè ṣe bó bá pọ̀ jù ni kó mú ara gbóná, èyí tó sì ń dé ẹ̀gbẹ́ òpó lọ́dọ̀ yín kò súnmọ́ ìwọ̀n yẹn. Bí èèyàn bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, èyí tó ń bà á á dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rin. Fóònù tí o lẹ̀ mọ́ etí ń fún orí rẹ ju ti òpó lọ. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì fà sẹ́yìn, fóònù náà á máa tiraka bí ẹni tó ń kígbe pe ará òdìkejì odò. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìgbì ni ìbá fẹ́ kí òpó súnmọ́ òun, àbí?

Mi ò ní fi apá kan pamọ́ fún ọ. Ní 2011, ẹ̀ka àjọ náà tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fi irú ìgbì yìí sáàárín àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa àrùn náà, nítorí àmì díẹ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ẹ̀rí. Àwọn tó so wáyà mọ́ orí ẹni tó ń sùn, tí wọ́n fi ìgbì irú ti fóònù kan án, rí ìyípadà kékeré nígbà mìíràn nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú oorun. Ṣùgbọ́n ìyípadà yẹn kò sọ oorun wọn di burúkú. Nítorí náà, yọ fóònù kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Ìgbì kan wà tó ń gba oorun lójú èèyàn lóòótọ́, inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ ló sì wà. James Clerk Maxwell, ọmọ Scotland, ló kọ ọ́ ní 1865 pé ìmọ́lẹ̀ gan-an jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ìgbì iná àti òòfà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti orí òpó ni pé ojú ń rí i. Sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹyinjú tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti sọ fún ọpọlọ pé ọ̀sán ni. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù ló máa ń tètè jí i, irú èyí tó ń ti ojú fóònù jáde. Bí ọpọlọ bá sì ti gbà pé ọ̀sán ni, á dá melatonin, èròjà inú ara tó ń pe oorun, dúró. Síbẹ̀, tí n bá ní kí n sọ èrò ọkàn mi, ìmọ́lẹ̀ náà ò ṣe tó ohun tí ò ń kà nínú rẹ̀. Kí lo ń wá ní aago méjì òru?

Ooru náà tún ńkọ́? Lọ́kọ́ja ni Lọ́kọ́ja ń jẹ́. Ara gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kí oorun tó lè wọlé, yàrá yín sì gbóná bí ẹni wà nídìí ààrò. Lóru òní, pa fóònù, jókòó sórí ibùsùn, kí o sì gbọ́ ohùn òpó yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ onídíísẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń kùn láti alẹ́ mọ́jú. Tó bá jẹ́ ariwo ni, pe mí. Ìyẹn ṣeé bá wọn jà lé lórí, èmi fúnra mi á sì wá.

Jẹnẹrétọ̀ tún rán mi létí. O kọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá pé ọmọ yàrá kejì máa ń gbé tirẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀. Dúpẹ́! Ẹ ń sá fún òpó, ẹ sì ń sùn ti èéfín? Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín yẹn kò lóòórùn, kò ṣeé rí, ojú oorun ló sì ti ń pa èèyàn. Kó gbé e jáde síta gbangba, jìnnà sí fèrèsé. Tó bá kọ̀, fún mi ní nọ́ńbà bàbá rẹ̀.

Ti ẹkún, mi ò fi ṣeré. Àìsùn máa ń mú kí ọ̀rọ̀ kékeré dun èèyàn wọra, ọkàn tó bàjẹ́ náà sì ń lé oorun, wọ́n á wá máa ti ara wọn kiri. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, lọ sí ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ yín lọ́la, kí o sọ ọ́ fún dókítà bí o ṣe kọ ọ́ sí wa, kí o má gé e kúrú. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, má dúró de ọ̀la, pè wá lójú ẹsẹ̀.

Mo ti fi owó fáànù tí wọ́n ń ṣáàjì ránṣẹ́ sínú àkáǹtì rẹ. Màmá rẹ ní tí o bá fi ra nǹkan mìíràn, òun á mọ̀. Ó ti di èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí, yóò wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó ń kúrò ní páàkì ní aago méje àárọ̀ ọ̀la. Ọjọ́ Ẹtì, máa bọ̀ wálé. Láti alẹ́ òní lọ, mi ò ní pa fóònù mi mọ́. Pálọ̀ ni yóò máa sùn, mo sì ti yí ohùn rẹ̀ sókè pátápátá. Tí o bá pè lóru, jẹ́ kó dún dáadáa kí n tó dé ìdí rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.