A Ń Gbé Ẹ̀gbẹ́ Egbin, Òkùnkùn Ló Lé Ọmọ Wa Kúrò Nínú Ìdíje

Ọ̀gbẹ́ni Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti fi ẹ̀hónú mi hàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi ní Ìgbógbó, Ìkòròdú, lálẹ́ Sátidé tó kọjá. Ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 19, ń kópa lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ìdíje àṣàyàn fún ìdíje àgbáyé kan tí wọ́n ti ń gbá StarCraft II, eré ogun orí kọ̀ǹpútà. Ó ti na ẹni méjì, ó sì ń bá ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì kan wọ̀yá ìjà nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Kí n tó fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin kó tó dáhùn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Mo bá a níbi tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé kíbọ́ọ̀dù, tí kò tẹ nǹkan kan. Ó ní, "Dádì, wọ́n ti ní ọmọ Pólàǹdì yẹn ló borí."

Eré yìí kò jọ ayò ọlọ́pọ́n, níbi tí ẹnì kan á ta kí ẹnì kejì tó ta. Àwọn méjèèjì ń wa kùsà, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń kó ọmọ ogun jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan ti kú. Ẹ̀rọ ńlá tó so kọ̀ǹpútà àwọn méjèèjì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní Yúróòpù, ohun tí ọmọ wa bá tẹ̀ a máa pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó ìyà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní eré ọmọdé, nítorí 700,000 dọ́là ni wọ́n pín fún àwọn tó gbá a ní Riyadh lọ́dún 2024, níbi tí Clem, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti gbégbá orókè.

Ohun tó dùn mí jù ni pé láti ọdún 1985 ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin ti wà létí ọ̀sà níbí, ẹ̀rọ mẹ́fà tí wọ́n ṣe láti pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì, síbẹ̀ a ń gbé etí odò, a ń fi itọ́ bọ́jú. Lónìí, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn á ní tiransifọ́mà ló bàjẹ́. Lọ́la, wọ́n á ní wáyà ló já. Bíìlì nìkan ni kì í bàjẹ́, tí kì í já. Egbin rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwa la wà lókùnkùn!

Kí wọ́n máa kéde àsìkò tí wọn yóò mú iná. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an ni yàrá kan ṣoṣo ní àgbègbè Sábó, tí sólà wà lórí òrùlé rẹ̀, tí bátìrì rẹ̀ lè gbé kọ̀ǹpútà mẹ́wàá fún wákàtí mẹ́fà, tí wọ́n sì fa wáyà fáíbà wọ̀, kí àwọn ọmọ yé pín dátà láti inú fóònù ara wọn. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ìdíje, àwọn tó ń múra ìdánwò JAMB á lò ó. Kí wọ́n gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn, nítorí mo mọ ilé ìkàwé kan tí wọ́n ṣí tìlùtìfọn, tí àgádágodo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti dípẹtà.

Ìdíje àṣàyàn mìíràn ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Mo ti ra lítà epo mẹ́wàá sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan, Ìgbógbó, Ìkòròdú