Tú aṣọ wò kí o tó sanwó: lẹ́tà sí àbúrò mi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí o ní o ti ka ìwé sọ́fè, ìyẹn àbọ̀ àyẹ̀wò ara ilé tí o fẹ́ rà ní Plumstead, ní London, tí o rí àwọn àléébù ilé náà, tí o sì ti pa á dé, mi ò fèsì. Àwọn ọmọ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò sì fẹ́ kánjú sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ kò jẹ́ kí n sùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ tán. £430,000 ni mo ní mo máa san. Ìtìjú ni kí n tún padà lọ ná an." Mo kọ lẹ́tà yìí síta gbangba nítorí pé ìwọ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni mẹ́ta ló ti bi mí ní ìbéèrè kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọdún kan: ṣé èèyàn lè padà lọ ná ilé lẹ́yìn sọ́fè?

Mo mọ ibi tí ìtìjú yẹn ti wá. Bàbá wa kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu ọmọlúàbí, kì í kó o jẹ mọ́. Obìnrin tó nilé náà sì ti dàgbà, ó fún ọ ní tíì mu, ó fi fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ hàn ọ́. Lójú rẹ, àfi bí ẹni pé o fẹ́ rẹ́ ìyá àgbà jẹ.

Ṣùgbọ́n rántí ìsọ̀ Màámi ní Gbági. Oníbàárà á ná léèsì, Màámi á jálẹ̀, wọn á jọ dúró sí iye kan. Kí oníbàárà tó yọ owó, á ní, "Ẹ bá mi tú u." Màámi á tú u láti etí kan dé èkejì. Tí wọ́n bá kan ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́, ṣé o gbọ́ ọ rí kí Màámi ní oníbàárà yẹn ti yẹ àdéhùn? Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ pé, "Ó dáa, ẹ mú un ní iye báyìí." Iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, iye aṣọ tó wà ní kíká ni. £430,000 tìrẹ náà, iye ilé tó wà ní kíká ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lo wo ilé yẹn, ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. O ò gun àjà. Sọ́fè ló tú u fún ọ.

Èmi ò tú tèmi. Ní 2012 tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ ra ilé wa àkọ́kọ́, báńkì ní àwọn ti rán ẹnì kan lọ wò ó. Àwa la san owó rẹ̀ pàápàá, a sì rò pé sọ́fè nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé báńkì lọ̀gbẹ́ni yẹn ń ṣiṣẹ́ fún: ohun tó lọ wò ni bóyá ilé náà tó bo gbèsè wọn, tí a ò bá rí owó san. Nígbà òtútù kejì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba òrùlé wọ yàrá àwọn ọmọ. £9,400 la fi tún un ṣe, ẹ̀yáwó sì ni. Bàbá àwọn ọmọ fi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ṣiṣẹ́ òru. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tó bá dúró sí òdìkejì títì, tó gbójú sókè, á rí i pé òrùlé yẹn ti rì láàárín. Àwa ò gbójú sókè.

Ní England níbí, òfin kò tíì so ọ́ mọ́ iye tí o fẹnu sọ. Wo lẹ́tà tí ẹ́jẹ́ǹtì fi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbà fún ọ, ó yẹ kí o rí "subject to contract" níbẹ̀. Títí di ọjọ́ tí lọ́yà méjèèjì bá pààrọ̀ ìwé àdéhùn, ilé yẹn kò tíì so mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ìbáà jẹ́ ìwọ tàbí ìyá náà. Òun pàápàá lè gba owó tó ju tìrẹ lọ lọ́la. Ti Scotland yàtọ̀: láti 2008, ẹni tó ń ta ilé ló ń gbé Home Report, ìyẹn ìwé àbọ̀ àyẹ̀wò ilé, kalẹ̀ kí olùrà tó dárúkọ iye rárá. Mo máa ń jowú wọn lórí èyí.

Ó yá, ṣí ìwé náà padà. Nílé, tí a bá ti gbọ́ sọ́fè, awọnlẹ̀ ló ń wá sọ́kàn wa. Ti ibí yìí, ara ilé ni wọ́n ń yẹ̀ wò bí ìgbà tí dókítà ń yẹ èèyàn wò. Level 3, èyí tó jinlẹ̀ jù, lo san, inú mi sì dùn sí i, nítorí ilé àtijọ́ ti ayé Ọbabìnrin Victoria kì í ṣe ohun tí à ń wò lóréfèé. Àwọ̀ tí àwọn RICS, ẹgbẹ́ àwọn sọ́fíyọ̀ tó ń ṣe sọ́fè, ń lò dà bí iná ojú títì: 1 ni àwọ̀ ewé, 3 ni pupa, 2 wà láàárín. Mo mọ̀ pé pupa mẹ́jọ tí o kà ló bà ọ́ lẹ́rù. Gbogbo wọn kọ́ ló tó ohun tí à ń fi ná ọjà. Iná mànàmáná gba pupa nítorí pé kò sí ìwé ẹ̀rí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́. Wọ́n ń kọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé. Kíṣíìnì tó gbó àti fèrèsé tí kò pa dé, ojú ara rẹ lo fi rí wọn, wọ́n ti wà nínú iye tí o dárúkọ. Tí o bá kó wọn mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ, wọn ò ní gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti kíṣíìnì. Ẹnì kan ti wó ògiri ààrò àtijọ́ kúrò níbẹ̀ kí àyè lè gbòòrò, èyí tí wọ́n ń pè ní chimney breast. Ṣùgbọ́n ti yàrá òkè ṣì wà, ti inú àjà ṣì wà, ti orí òrùlé náà ṣì wà. Kí ló gbé gbogbo bíríkì yẹn ró? Sọ́fíyọ̀ ní òun ò rí irin kankan, kò sì sí ìwé àṣẹ kánsù. Irin lè wà lókè sìlíìnì. Ó sì lè má sí. Ẹnjiníà ló lè sọ, òun sì ni kí o kọ́kọ́ pè. Lọ́yà lè ní kí ẹ ra ìbánigbófò (insurance), kí ọ̀rọ̀ tán. Kò tíì tán. Ìyẹn ń gbà ọ́ lọ́wọ́ kánsù ni, kì í gbé bíríkì ró. Síbẹ̀, má pe kánsù kí o tó bá lọ́yà sọ̀rọ̀, nítorí tí kánsù bá ti gbọ́ sí i, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má ta ìbánigbófò yẹn fún ọ mọ́.

Òrùlé pẹrẹsẹ ti ẹ̀yìn kò nílò àlàyé, ó ti lanu. Ní ti ọ̀rinrin ara ògiri, ka ojú ewé yẹn dáadáa: sọ́fíyọ̀ kọ ọ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ síta ti ga ju ìlà tó ń dènà omi nínú ògiri lọ. Ilẹ̀ yẹn ni kí wọ́n gbẹ́ wálẹ̀. Má pe ẹni tó ń ta oògùn ògiri wá wò ó, oògùn ló máa tà fún ọ.

Gba iye tí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa náni ní kíkọ sílẹ̀, kí o fi í pẹ̀lú ojú ewé sọ́fè tó kàn wọ́n, kí o kọ̀wé sí ẹ́jẹ́ǹtì. Bó ti wù kí ẹ́jẹ́ǹtì máa rẹ́rìn-ín sí ọ tó, ẹni tó ń ta ilé ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ó ṣeé ṣe kó ní ẹlòmíì wà tó fẹ́ san gbogbo owó. Sọ́fíyọ̀ ti ẹni yẹn náà á gun àjà kan náà. Ní báyìí tí ẹ́jẹ́ǹtì sì ti mọ̀ nípa ògiri yẹn, òfin kò gbà fún un láti fi í pamọ́ fún olùrà mìíràn.

Gbọ́ èyí o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi owó kà. Ká ní ẹ dúró sí £420,000. £10,000 kọ́ ló máa wọ àpò rẹ. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lo fẹ́ san, báńkì ló ń san ìyókù. Nínú £10,000 yẹn, £9,000 máa kúrò lára gbèsè rẹ, £1,000 ló máa kù sọ́wọ́ rẹ. Stamp duty rẹ, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà, á sì dín láti £6,500 sí £6,000, nítorí pé olùrà àkọ́kọ́ ni ọ́, ohun tó lé ní £300,000 nìkan ni wọ́n ń gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. £1,500 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kò tó gbé bíríkì ró. Tí o bá sì ní kí báńkì má dín £387,000 tí wọ́n fẹ́ yá ọ kù, gbèsè rẹ á ti kọjá ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé náà, èlé sì lè gòkè. Ìdí nìyí tó fi tẹ́ mi lọ́rùn kí ìyá yẹn ṣe ti ààrò náà kí ẹ tó pààrọ̀ ìwé, kí ẹnjiníà tí ìwọ fúnra rẹ yàn fọwọ́ sí i, kí iye ilé dín nítorí òrùlé àti ilẹ̀ nìkan. Tí kò bá gbà, gba ẹ̀dínwó, kí o sì gbàgbé àga tuntun tí ìyàwó rẹ ń wò. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹnu kò sí, jẹ́ kí lọ́yà àti báńkì mọ̀.

Ohun tó jẹ́ ìtìjú lóòótọ́ wà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń dákẹ́ títí ìyá ẹni ẹlẹ́ni á fi di ẹrù rẹ̀ tán, tó bá ku ọ̀la kí wọ́n pààrọ̀ ìwé, wọn á ní àwọn ò san iye yẹn mọ́. Gazundering ni wọ́n ń pè é. Òfin ò dè wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n má dán an wò. Má sì sọ iṣẹ́ £13,000 di £30,000. Kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí ìyá náà ṣì ráyè ronú.

Jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ kí o tó fi í ránṣẹ́, kí ẹ kọ iye tí ẹ ò ní kọjá rẹ̀ sílẹ̀. Tí wọn ò bá gbà á, ẹ jáde. Owó sọ́fè àti ti lọ́yà tó ti lọ á dùn yín. Mo mọ bí £9,400 ṣe dùn wá.

Ní kí ẹ́jẹ́ǹtì ṣí ilé náà fún wa lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ẹnjiníà. Màá wọ bọ́ọ̀sì láti Abbey Wood, màá ti dé ibẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa dání, inú àjà yẹn ni kí a kọ́kọ́ gùn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin