Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: owó àwo wàrà àti ṣokoléètì yíyọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà títí dé Ìsánlú, okun o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ owó tuntun náà lẹ́nu ẹlòmíì kí n tó kọ èyí, mo sì mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹnìkan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, wàrà lẹ ń tà ni àbí góòlù?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwo kékeré tí à ń tà ní ₦12,000 ti di ₦17,000. Èyí tó tó ènìyàn mẹ́wàá, tí ìkòkò ṣokoléètì wà láàárín rẹ̀, ti di ₦38,000. A ò sì ní gba iṣẹ́ òjijì mọ́. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àlejò yín ni kí ẹ ti sọ fún wa.

Mílíìkì ló fà á. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ìyá kan láti gáà ẹ̀yìn ìlú fi ń ru mílíìkì wá fún mi. Aago méje kì í lù kó tó dé, mílíìkì náà á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í bomi lù ú. Nígbà tí ìbẹ̀rù ojú ọ̀nà gba agbègbè wa, gáà náà tú ká, ó sì bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀, tí mi ò ní dárúkọ, gba owó mi sílẹ̀, omi ló ń bù lù ú. Mo rò pé omi ewé bọmubọmu, tó ń mú mílíìkì dì, tí mo fi sí i ló kéré. Mo fi kún un, wàrà náà kàn korò ni. Ó dì wẹ́wẹ́, kò di ara rẹ̀ mú nínú apẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó mi jù ú sínú òróró, ó fọ́ káàkiri. Òde ìsìnkú ìyá àgbà kan la sì fẹ́ gbé e lọ! Gbogbo owó wọn ni mo dá padà. Kí ẹni tó ń pè mí ní olójúkòkòrò gbọ́ ìyẹn náà.

Báyìí, ọ̀nà Ìlọrin ni mílíìkì ń gbà wá, nínú kúlà oníyìnyín. Ẹ ṣírò owó mọ́tò, ẹ ṣírò yìnyín. Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé: màlúù tí kò rí koríko tútù jẹ, èwo ni yóò fún ọmọ tirẹ̀ mu, ká tó wá dórí tèmi?

Àwọn kan ní kí n kúkú lo wàrà òyìnbó. Ẹ lọ béèrè iye Gouda ní Abuja. A máa ń gé díẹ̀ sí àwo ńlá, ṣùgbọ́n wàrà tiwa ni wọ́n fi mọ̀ wá. Ẹ má sì ní kí n yọ́ ọ bíi fọ́ńdù, wàrà yíyọ́ àwọn ará Switzerland. Kì í yọ́. Ẹ gbé e kaná di ọ̀la, dídín ni yóò dín.

Àgbẹ̀ kan ní Ìjùmú pè mí pé kòkó tó lé ní 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní 2024 ti já wálẹ̀, kí ló dé tí n kò dín owó kù? Bàbá, ẹni tó ń ta ṣokoléètì fún mi kò tíì gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣokoléètì wa bàjẹ́ lójú àlejò, omi ni. Ẹ̀kán omi díẹ̀ tó bọ́ sínú ṣokoléètì yíyọ́, gbagidi ni yóò dì. Ẹ nu ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti màǹgòrò gbẹ kí ẹ tó tì í bọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí omi tí ẹ gbé ìkòkò ṣokoléètì lé máa hó. Bó bá ti dì, ẹ máa fi mílíìkì gbígbóná rò ó, ṣíbí kan ṣíbí kan. Yóò padà.

Ní ti mílíìkì, a ti ń bá ẹni méjì sọ̀rọ̀ nítòsí. Bó bá bọ́ sí i, ẹ ó gbọ́.

Ẹni tó ti san àsansílẹ̀, owó àtijọ́ ni tirẹ̀. Àwo onígi wa mẹ́rin ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe àlejò nígbà Kérésì. Mi ò bínú. Ẹ ṣáà dá wọn padà.