Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Oníbàárà Wa: Fóònù Tòkunbọ̀ Tí Kò Gba Síìmù

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrótì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan mú iPhone wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọmọ wọn ló fi ránṣẹ́ láti Houston. Wọ́n ki síìmù wọn bọ̀ ọ́, ohun tó yọ lójú fóònù ni "SIM Not Supported". Màmá ní, "Bá mi ṣí i, mo ti mú owó dání." Mo ní kí wọ́n dá owó padà sápò ná.

Oríṣi títì méjì ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní Amẹ́ríkà, àwìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba fóònù, wọ́n á máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Kí onígbèsè má baà gbé ọjà sá lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti fóònù mọ́ síìmù tiwọn. Èkejì ni Activation Lock, èyí tí gbogbo wa ń pè ní iCloud. Apple gbé e jáde ní 2013 nítorí olè. Bí ẹni tó ni fóònù kò bá yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò, páswọ́ọ̀dù rẹ̀ ni yóò máa béèrè. Òun ló lè ṣí i, tàbí Apple fúnra wọn bí ẹ bá ní rìsíìtì tí wọ́n fi rà á ní tuntun. Àwa kì í gba iṣẹ́ iCloud. Ẹ má bẹ̀ wá.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì ní ọ̀nà. Ẹ wo méjì lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà. AT&T ń jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe oníbàárà wọn béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí wọ́n ti san owó fóònù tán, kí ẹnikẹ́ni má sì ti kéde pé wọ́n jí i. Ti T-Mobile, ẹni tó ni àkáǹtì ló gbọ́dọ̀ béèrè. Ẹ ò nílò àdéhùn kankan pẹ̀lú wọn lẹ́yìn náà. Síìmù yín ti tó.

Ẹ̀wẹ̀, chip kì í ṣe ṣíṣí o. Nǹkan pẹlẹbẹ kan ni, ó fẹ́lẹ́, abẹ́ síìmù ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, òun ló ń tan fóònù jẹ pé síìmù ilé rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe àpdéètì tàbí ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó lè dákẹ́. Èmi náà ti ta irú rẹ̀ fún arákùnrin kan rí láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni arákùnrin náà gbé e padà. Mo dá gbogbo owó rẹ̀ padà, ó sì dùn mí, mi ò ní purọ́. Láti ìgbà náà, bí ó bá jẹ́ chip, a ó sọ fún yín kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, níbikíbi: ẹ wọ Settings, General, About, kí ẹ wo Carrier Lock. "No SIM restrictions" ni ẹ fẹ́ rí. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ fi nọ́ńbà 15 tó bá jáde wé IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, tó wà nínú About. Lẹ́yìn náà, ẹ fi síìmù tiyín pe ẹnì kan níṣojú ẹni tó ń tà á. Bí ó bá jẹ́ iPhone 14 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e láti Amẹ́ríkà, ẹ má wá ihò síìmù, eSIM ló ń lò, ìyẹn síìmù inú fóònù tí a kì í fọwọ́ ki bọ̀ ọ́.

Ẹni tó ní èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ kó rà á níbẹ̀. Láti December 2021 ni Ofcom, àjọ tó ń mójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, ti ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn má ta fóònù títì mọ́.

Ní ti màmá wa, a pe ọmọ náà. Gbèsè oṣù mẹ́rin ló kù lọ́rùn fóònù. Fọ́tò ni wọ́n ń fi í yà báyìí, wọ́n sì ń fi Wi-Fi àbúrò wọn wo ìwàásù.