Kì Í Ṣe Gbogbo Ọmọ Tó Ń Ṣàìsàn Lemọ́lemọ́ Ló Nílò Oògùn Afúnnilágbára

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan. Mo ka ìmọ̀ràn ojú ewé ìlera yín pé kí òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn lemọ́lemọ́ wá oògùn tí yóò fi kún agbára tí ara fi ń bá àrùn jà. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an. Kì í ṣe pé agbára ìjà kò sí lára ọmọbìnrin tèmi. Àìlèdáwọ́dúró rẹ̀ ló ń dà á láàmú.

APDS ni orúkọ àìsàn ọmọ mi, ìyẹn àìsàn tí sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà kì í fi lè dáwọ́ dúró, ara jíìnì kan tó ń jẹ́ PIK3CD ló sì ti wá. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni iṣẹ́ jíìnì yìí pọ̀ sí jù. Òun ni ara fi ń ṣe purotéènì p110δ, èyí tó máa ń lẹ fọ́sífétì kan mọ́ PIP2, ọ̀rá kan tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, tí yóò sì di PIP3. Bí PIP3 bá ti yọjú, AKT àti àwọn purotéènì mìíràn á sáré wá bá a, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í pín, á sì dojú kọ àrùn. Lára ẹni tára rẹ̀ le, tí ìjà bá ti parí, purotéènì kan tó ń jẹ́ PTEN á yọ fọ́sífétì náà kúrò, ara á sì rọlẹ̀.

Ti ọmọ mi kì í rọlẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló yí padà lára p110δ tirẹ̀, ní ipò 1021, níbi tí lysine ti gba ipò glutamic acid, méjèèjì jẹ́ ara èròjà kéékèèké tí ara fi ń to purotéènì. E1021K ni wọ́n ń kọ ọ́, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ní àìsàn yìí. Ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, nítorí náà mi ò bá dókítà tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí jà.

Bí ẹni tí a kò jẹ́ kó fojú kan oorun ni sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ń bá àrùn jà, ṣe rí: ó ń ṣiṣẹ́ ṣáá, ó tètè ń darúgbó, ó sì ń kú láìtọ́jọ́. Sẹ́ẹ̀lì B, èyí tó ń ṣe èròjà tí ń gbógun ti àrùn, kò gbó bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí IgM, irú èròjà tó kọ́kọ́ ń ṣe, fi ga nínú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ tí IgG, irú tó yẹ kó tẹ̀ lé e, sì lọ sílẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi máa ń kan kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀ àti lábíyá. Àwọn mìíràn tóbi tó orí àtàǹpàkò mi, wọn kì í sì í dùn ún. Ọlọ inú rẹ̀ náà wú. Òtútù àyà tó ń ṣe é léraléra ti ba ọ̀nà atẹ́gùn inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, wọ́n ti fẹ̀, kelebe sì ń dúró síbẹ̀. Láràárọ̀, kó tó lọ sí ilé ìwé, á dùbúlẹ̀ kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ, èmi á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn títí kelebe á fi jáde. Mo máa ń wo àwọ̀ rẹ̀. Tó bá ti ń di àwọ̀ ewé, a ó pe dókítà lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá wo oògùn tí wọ́n ṣe fún àìsàn yìí gan-an. Leniolisib ni, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta ọdún 2023 fún ẹni tó bá ti pé ọdún 12, tó sì wọn kílò 45 ó kéré tán. Ṣe ni ó ń ká p110δ lọ́wọ́ kò! Ara tí ó yẹ kí á dẹ̀ lára, ẹ ní kí á tún fi kún agbára rẹ̀? Síbẹ̀, dídín in kù láìníwọ̀n náà léwu. Idelalisib, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014 fún àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ń dá p110δ dúró pẹ̀lú, ó sì ti fa ìgbẹ́ gbuuru tó le àti ìpalára ẹ̀dọ̀ fún àwọn kan. Ọmọ tí wọ́n bí tí p110δ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá náà kì í bọ́ lọ́wọ́ àrùn.

Kò sí ẹni tó fi àìsàn yìí ṣe ọmọ mi. Bí òbí kan bá ní in, nínú ọmọ méjì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jogún rẹ̀. Nígbà mìíràn, ara ọmọ gan-an ló ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní in, àmọ́ ikọ́ tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, a ò sì mọ̀ títí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ọmọ.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fi kún un pé bí òtútù àyà bá ń padà wá, tí kókó wà lára ọmọ tí kò lọ, kí òbí béèrè àyẹ̀wò IgG, IgA àti IgM kí wọ́n tó ra oògùn èyíkéyìí. Tí èsì rẹ̀ kò bá dára, kí wọ́n béèrè nípa àyẹ̀wò jíìnì PIK3CD àti PIK3R1, torí èkejì náà ń fa irú àìsàn yìí. Kí wọ́n má sì fi falẹ̀, nítorí lymphoma, jẹjẹrẹ tó ń mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, máa ń mú àwọn kan nínú àwọn tó ní in.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọmọ kan