Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé tán, ta ló tún ń yọjú sí wọn?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé kan kọ sí yín lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sùn síta, níbi tó ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí, kí wọ́n wáṣẹ́, kí orí wọn pé, kẹ́nikẹ́ni tó sọ pé òun fẹ́ fún wọn nílé. Mi ò bá a jà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀, kódà àwọn ọ́fíìsì tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ náà ń rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi wò ó. Ẹni tí ò rí oorun sùn láti ìjẹta, tó ń fojú kan sùn torí àwọn tó ń jí báàgì, ṣé òun lẹ ní kó lọ ṣe ìntáfíù láàárọ̀? Níbo ló ti máa wẹ̀? Oògùn tí dókítà ní kó máa lò láàárọ̀ lálẹ́, inú kí ló máa tọ́jú ẹ̀ sí? Wọ́n ní ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ míì wọ̀ ọ́, àìríbi sùn náà ò yàtọ̀ jàre.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun. Láti 1992 ni Sam Tsemberis, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí èèyàn, ti dá àjọ kan tó ń jẹ́ Pathways to Housing sílẹ̀ ní New York, tí wọ́n yí gbogbo ẹ̀ po: ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún èèyàn, ilé gidi tí wọ́n rẹ́ǹtì lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, kì í ṣe họ́ọ̀lù tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì sí, ìtọ́jú ọtí tàbí ti ọpọlọ á wá tẹ̀ lé e fún ẹni tó bá fẹ́. Òun ni wọ́n ń pè ní Housing First, ìyẹn ni pé ilé ló kọ́kọ́ ṣáájú. Ní Kánádà, wọ́n dán an wò láàrin 2009 sí 2013 nílùú márùn-ún, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó lé ní 2,000, àwọn kan gba ilé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn, àwọn yòókù ń bá ìrànlọ́wọ́ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ìdánwò yẹn, 62% àwọn ti Housing First ló wà nínú ilé látìbẹ̀rẹ̀ dópin, 31% péré ló rí bẹ́ẹ̀ lápá kejì. Ìlọ́po méjì nìyẹn o. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú fo àwọn tí ò sí nínú 62% yẹn, torí tiwọn gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ká tiẹ̀ tó débi kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ ìwé wà níbẹ̀. Mo máa ń tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ bá wọn níbi tí wọ́n ń sùn, ohun tójú mi rí níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Òjò á ba káàdì ìdánimọ̀ jẹ́, àbí káwọn tó ń palẹ̀ títì mọ́ kó o dànù mọ́ ẹrù. Kó tó gba òmíì, wọ́n á ní kó mú ìwé ọjọ́ìbí wá, ó dé ọ́fíìsì ìwé ọjọ́ìbí, wọ́n ní káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ dà? Wọ́n tún ní àdírẹ́sì wo làwọn máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, ẹni tó wá wálé lẹ ń bi ní àdírẹ́sì! Nígbà tó bá wá kàn án lórí lísìtì àwọn tó ń dúró de ilé, wọ́n á pe fóònù, fóònù ti sọnù, wọ́n á fagi lé orúkọ ẹ̀, ó di ẹ̀yìn lísìtì. Orí ẹni tó pé gan-an á fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń bá wọn jókòó ní ọ́fíìsì yẹn títí wọ́n á fi dá wọn lóhùn, tó ń bá wọn tọ́jú ẹ̀dà ìwé wọn, tó mọ ibi tó ti máa wá wọn rí lóru, ọwọ́ ẹ̀ niṣẹ́ wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó kó búláńkẹ́ẹ̀tì wá tó ya fọ́tò tó lọ. (Ẹ má bínú o, búláńkẹ́ẹ̀tì náà wúlò.)

Ó wá wọlé, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀, wọ́n fún un ní yàrá pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tuntun, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń sùn, bàtà lẹ́sẹ̀, báàgì lábẹ́ orí, torí ara ẹ̀ ò tíì gbà pé ẹnì kankan ò ní wá lé òun. Ìyẹn ṣì kéré o. Èyí tó le jù ni ti àwọn ọ̀rẹ́. Àwọn tẹ́ ẹ jọ sùn lórí páálí kan náà, tí wọ́n ń bá ẹ ṣọ́ ẹrù, wọ́n á gbọ́ pé o ti rílé, wọ́n á wá, báwo lo ṣe fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ wọn? Ẹnì kan á di mẹ́rin, ariwo á bẹ̀rẹ̀ lóru, aládùúgbò á fẹjọ́ sùn, lánlọ́ọ̀dù á gbé nótíìsì wá, ó tún di títì. Mo ti rí ẹni tí ò fẹnu kan ọtí rí tí wọ́n lé jáde báyìí. Àmọ́ níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti ń yọjú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí lánlọ́ọ̀dù sì ní nọ́ńbà tó lè pè kínú tó bí i, òṣìṣẹ́ yẹn ló máa bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀, kí ẹni tó nilé má bàa dà bí ọ̀dàlẹ̀ lójú wọn, á sì gba orúkọ àwọn náà sílẹ̀ fún ilé tiwọn.

Òótọ́ ni pé ilé ò tó, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Ní Fínlándì, láti 2008 ni gọ́ọ̀mẹ́ńtì wọn ti fi ọwọ́ gidi mú un, wọ́n sọ àwọn ibi tí wọ́n ń kó èèyàn sùn mọ́jú di fúláàtì, kálukú ní ágírímẹ́ǹtì tiẹ̀, ó ń san rẹ́ǹtì, òṣìṣẹ́ sì wà nítòsí. Nígbà tó fi máa di 2022, àwọn tí ò nílé ò tó 4,000 mọ́ lórílẹ̀-èdè yẹn. Ìjọba wá gé owó ìrànwọ́ rẹ́ǹtì, ní 2024 iye yẹn tún gòkè díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ò pọ̀. Àwọn akọ̀ròyìn yín máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ iye èèyàn tó gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n kanlẹ̀kùn, kí wọ́n bèèrè iye tó ṣì ń gbébẹ̀ àti ìgbà tí òṣìṣẹ́ yọjú sí wọn kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì tẹ èyí náà sójú ewé kan náà tẹ́ ẹ tẹ tàkọ́kọ́ sí.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan